Bàbá Oníwáyà àti Ìrọ̀lẹ́ Sátidé Wọn

Bí ẹ bá ya ilé bàbá bàbá mi ní Ugbónla, kí wọ́n tó bi yín bóyá àlàáfíà lẹ dé, wọn á ti bi yín bóyá ẹ rí wáyà kankan lọ́nà. Wọn kì í fi ṣe àwàdà. Àgbà mìíràn lè béèrè bí òkun ṣe rí, tàbí ẹni tó bímọ, tàbí bóyá bẹntiróòlù ti dé Igbókòdá. Ti Bàbá, wáyà ni: wáyà tó já sílẹ̀ lára ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ epo, wáyà tí ìgbì gbé wá sí etí òkun, wáyà tí ẹnì kan fi so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó nítorí pé kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ugbónla fi ń pè wọ́n ní Bàbá Oníwáyà. Ọ̀pọ̀ ọmọdé kò mọ̀ pé Orímisan lorúkọ wọn títí a fi kọ ọ́ sára pósítà ìsìnkú.

Oṣù kejì rèé tí wọ́n ti lọ, àárò wọn ń sọ mí lójoojúmọ́. Mi ò ní jókòó máa to ọdún ìbí wọn àti ilé-ìwé tí wọ́n lọ. Àwọn fúnra wọn kò ka ìyẹn sí nígbà tí wọ́n wà láyé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n tún rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sórí àpótí níwájú ilé onípákó wa, tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ lókè omi, tí ọ̀bẹ kékeré wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń bó wáyà bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohùn wọn kò tíì jìnnà sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé yóò jìnnà.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, inú ọkọ̀ ńlá tó ń pẹja lójú agbami ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn tó wà lórí ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n ra ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n gbé e sí igun yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ọkọ̀ méjì tí sólà ń fún lágbára. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí tí ènìyàn ń fẹnu sọ̀rọ̀ sí ni, tí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn láti ìlú mìíràn, láìsí káàdì, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan láti Brazil sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá ní àwọn náà ń retí òjò. Wọ́n dágbére fún ara wọn, inú Bàbá sì dùn títí di alẹ́.

Kí ohùn tó lè jáde, ó gbọ́dọ̀ ti inú ẹ̀rọ gba inú wáyà lọ sí ántẹ́nà lórí òpó. Wáyà náà kì í ṣe èyí tí a fi ń fa iná. Wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín, rọ́bà funfun tí Bàbá ń pè ní ẹran yí i ká, wọ́n wá fi bàbà wẹ́wẹ́ hun nǹkan bí àwọ̀n yí ẹran náà ká, kí awọ dúdú tó bo gbogbo rẹ̀. Èyí tí rédíò Bàbá ń fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbejì ni wọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tí a bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, apá kan agbára á máa padà sínú ẹ̀rọ, ohùn á rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa gbóná. Lára awọ wáyà ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, ní lẹ́tà funfun tín-ín-tín. Ṣùgbọ́n nílé wa, kò sí wáyà tó ní orúkọ, ọwọ́ Màmá, ìyàwó Bàbá, ni èyí sì ti wá.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ohun gbogbo tó bá ti inú omi wá, epo rọ̀bì ti kùn ún. Kò sí obìnrin ilé kan tí yóò jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Iyanrìn àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, a ó máa gbo ó títí yóò fi máa dán: ìkòkò, bàtà, kẹ́ẹ̀gì, okùn. Gbogbo wáyà tí Bàbá bá kó wálé, Màmá á kó o lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọn á fi iyanrìn ha á láti orí dé ìdí, wọn á sá a bí ẹni sá aṣọ. Kí Bàbá tó jí lójú oorun ọ̀sán, lẹ́tà funfun ti lọ. Ìjà yìí pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Bàbá á ní Màmá ti pa orúkọ ọmọlọ́mọ rẹ́. Màmá á ní àwọn kò lè tìtorí orúkọ gbé ìdọ̀tí wọlé. Bàbá kò ní jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé pupurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú wọn láìsọ̀rọ̀, Bàbá á jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, wọn á fọwọ́ nu ẹnu, wọn á wá kọjú sí omi bí ẹni pé kì í ṣe Màmá ni wọ́n ń bá wí: "Wáyà tó mọ́ tí kò lórúkọ, bí ọmọ tó wẹ̀ tí kò mọ bàbá ẹ̀ ni."

Ìjà yìí náà ló sọ wọ́n di ẹni tó lè mọ wáyà láìka lẹ́tà. Ọdún tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí iṣẹ́ kò sì tíì yọjú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà, wọ́n sì fi sùúrù kọ́ mi. Wọn á gé ẹnu wáyà bí ẹni gé iṣu, wọn á yí ojú ibi tí wọ́n gé sí ìmọ́lẹ̀, wọn á ní kí n wo ojú ẹ̀. Bí wáyà àárín bá tín-ín-rín bí òwú nínú ẹran funfun tó pọ̀, ti tẹlifíṣọ̀n ni. Bó bá sanra, tí ẹran funfun kò fi bẹ́ẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ tiwa. Wọ́n ní pákó pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí àwọn tó ń hun àwọ̀n fi ń wọn ojú àwọ̀n kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Bàbá ti fi ọ̀bẹ fá àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn ẹran funfun sí wáyà àárín. Bí ẹran náà bá fi ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ju wáyà lọ, tiwa ni. Bó bá lé ní ìlọ́po mẹ́fà, ká gbé e fún onítẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn tí ẹran náà bá le gbagidi o. Tó bá rí fúkẹ́fúkẹ́ bí búrẹ́dì, wọ́n ní ìṣirò mìíràn fún un.

Ó ku òòfà, èyí tí wọ́n yọ lára sípíkà àtijọ́ kan. Wọn á mú un sún mọ́ wáyà àárín. Bó bá jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà bò, á fò mọ́ òòfà. Bàbà gidi kò ní mira. Lẹ́yìn èyí, wọn á bó awọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin kí wọ́n lè rí àwọ̀n bàbà náà. Tó bá pọ́n, ó yè. Tó bá dúdú, omi iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́ àfi ká fi so ọkọ̀. Èmi máa ń kánjú. Lọ́jọ́ kan mo fi òòfà nìkan dájọ́, mo ní tiwa ni, ó sì jẹ́ irú ti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi bàbà gidi ṣe. Wọn kò bú mi. Wọ́n dá a padà sọ́wọ́ mi, wọ́n ní: "Ẹlẹ́rìí kan ò tó dájọ́, ọma mi. Bi mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ orí tún wà níbẹ̀. Orí ni wọ́n ń pe irin tó wà lẹ́nu wáyà, tí a fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ti tẹlifíṣọ̀n kéré, ó kún Igbókòdá bí ẹ̀fọn. Èyí tí rédíò Bàbá ń lò tóbi, yíyí ni a ń yí i mọ́ ara ẹ̀rọ, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ fún wáyà tó sanra. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́, a ní láti wá òrùka irin kan fi sí i lọ́rùn kó má baà máa mì nínú orí náà. Òrùka yìí ni kò sí níbì kankan. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara tẹlifíṣọ̀n létí omi ní Igbókòdá sọ fún Bàbá lọ́jọ́ kan pé ṣe ni kí wọ́n kàn fi téèpù wé ọrùn wáyà títí á fi kún ihò. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Wọn kò bá a rajà mọ́ títí wọ́n fi kú, bẹ́ẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ wa máa ń gúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin náà á máa juwọ́, Bàbá á máa wo omi. Wọ́n mọ bínú bí ọmọdé, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá ti kọjá níbẹ̀, wọ́n á ní: "Ẹni tó ní kí n fi téèpù wé ọrùn wáyà, ẹnì kan ò tíì dúró de ohùn ẹ̀ rí."

Ẹni tó ń dúró de ohùn Bàbá ni àbúrò wọn kan ṣoṣo. Bàbá Kékeré ni àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò fojú rí wọn rí. Láti èwe ni wọ́n ti bá àwọn apẹja wa lọ sí etí òkun Kamẹrúùnù, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí bàbá wọn kú ni ìjà dé. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Bàbá Kékeré dé nígbà tí Bàbá sin òkú, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí. Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi sin bàbá wọn, wọ́n bá ilẹ̀ tí a ti bò. Màmá ní wọn kò wọlé rárá. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí ibojì, wọ́n padà sínú ọkọ̀ tó gbé wọn wá. Nígbà tí fóònù dé, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ará wa tó wà lọ́hùn-ún pé kí ẹnikẹ́ni má fún ará ilé ní nọ́ńbà wọn. Kò sì sí ẹni tó fún wa.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ni Bàbá Kékeré ti kọ́ rédíò, ní àwọn ìgbà tí wọ́n ń wálé kí ìjà tó dé. Ọdún kan lẹ́yìn ìjà náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Bàbá ń yí ẹ̀rọ kiri, wọ́n sì gbọ́ ohùn àbúrò wọn tó ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Bàbá dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, ojú ibì kan náà lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ẹ má rò pé wọ́n ń yanjú ọ̀rọ̀ o. Wọn á sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn sí. Wọn á sọ bí atẹ́gùn ṣe rí àti irú ẹja tó ń jáde. Lẹ́yìn náà, wáyà. Bàbá Kékeré náà ń ṣa wáyà aláìlórúkọ kiri lọ́hùn-ún. Wọn á ṣàpèjúwe rẹ̀, Bàbá á sì sọ ibi tí wọn á wò fún wọn. Ó parí nìyẹn. Wọn kò dárúkọ bàbá wọn rí. Mo bi Bàbá lọ́jọ́ kan ìdí tí wọn kò fi bẹ àbúrò wọn kí ọ̀rọ̀ náà tán. Wọ́n fi etí aṣọ nu eruku orí ẹ̀rọ, wọ́n ní: "Gbogbo Sátidé ni mò ń bẹ̀ ẹ́."

Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ṣe tí mo fi mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ìrọ̀lẹ́ tí òkun wọlé wa ni. Òkun ti ń jẹ wá bọ̀ tipẹ́. Ní Ayétòrò àti Araromi, ọ̀nà tí mo fẹsẹ̀ rìn ní kékeré ti di ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, láti ọ̀sán ni ìgbì ti ń gba orí afárá onípákó wa kọjá. Mo wá kí wọn láti Òkìtìpupa, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́ báyìí. Bàbá tó bí mi gbé ọkọ̀ dé, gbogbo wa ń kó ẹrù: ibùsùn, àpótí, àwọ̀n, fírísà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni Bàbá padà wọlé. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ.

Bàbá mi pariwo mọ́ wọn, wọn kò wẹ̀yìn. Bàbá Kékeré ti ń pè. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn, wọ́n sọ ti atẹ́gùn, Bàbá Kékeré wá béèrè nípa wáyà kan tí ẹran inú rẹ̀ rí fúkẹ́fúkẹ́. Bàbá ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún wọn láìkánjú, omi ń gun ojúgun wọn. Wọn kò sọ fún àbúrò wọn pé omi wọlé. Wọ́n dágbére, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lé mi lórí. Bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ni òpó ántẹ́nà wó, ó fa wáyà Bàbá tó dára jù lọ wọ inú òkun. Mo rò pé wọ́n á sunkún. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ó gbọ́ mi dáadáa lónìí."

Ilé bàbá mi, tó jìn sí òkun díẹ̀, ni a kó wọn lọ. Òtútù ọjọ́ náà di ikọ́, ikọ́ di ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi fóònù Màmá pè mí ní Òkìtìpupa. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn so ántẹ́nà mìíràn, pé Sátidé méjì ti kọjá láìsí ọ̀rọ̀. Mo ní ìdánwò àwọn ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, pé mo ń bọ̀ tí a bá ti gba ìsinmi. Wọ́n ní ó dáa. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Mo ti wá àwáwí fún ara mi lóríṣiríṣi ọ̀nà, kò sí èyí tó dúró.

Nígbà tí ẹbí jókòó, ẹnì kan béèrè Bàbá Kékeré. Bàbá mi ní a kò ní nọ́ńbà wọn, pé ẹni tí a rán lọ lẹ́ẹ̀kan rí kò mọ abúlé apẹja tí wọ́n ṣí lọ, òkú kò sì lè dúró. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ tó lè tan ẹ̀rọ yẹn. Mi ò sọ nǹkan kan. Kò sí òpó, kò sí wáyà kan tó ti ní orí. Ọjọ́ kejì ni a sin Bàbá. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń da iyanrìn sí i, Màmá fà mí mọ́ra, wọ́n sọ sí mi létí pé: "A tún ti ṣe é fún un lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí gbé kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé oníṣòwò ẹja kan ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bàbá Kékeré létí ọjà, wọn á sì gbà pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu wa ni wọn á ti gbọ́ ọ. Bí ìsinmi ṣe bẹ̀rẹ̀, mo gbé àpò ìrẹsì tí Bàbá kó wáyà sí jáde. Ìdì mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sí lẹ́tà kan lára wọn. Màmá wò wọ́n, wọ́n wá wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kí wọ́n bá mi wá pákó àti òòfà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gé, tí mo fi wò, tí mo fi wọ̀n. Mẹ́fà jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́ta ti dúdú nínú. Ọ̀kan kúrú. Ẹyọ kan ló kù, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dára, òòfà kò mú un, àwọ̀n rẹ̀ pọ́n yòò, ó sì gùn dé orí òrùlé. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó gbà á gbọ́. Orí ńlá méjì wà nínú agolo Bàbá. Òrùka ọrùn kò sí, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè lọ bá, àfi ọkùnrin Igbókòdá tó ní ká fi téèpù wé e.

Mo gbé wáyà náà àti orí méjèèjì lọ bá a. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ó béèrè Bàbá. Mo ní wọ́n ti lọ. Ó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ọ̀rá kékeré jáde, òrùka méjì wà nínú rẹ̀. Ó ní ara rédíò bóòtù kan tó bàjẹ́ ni òun ti yọ wọ́n, láti ọdún kejì tí Bàbá ti ń bínú. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun ń juwọ́ sí wọn, òrùka yìí ni òun fẹ́ fún wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló tan ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ó bá mi jó orí méjèèjì mọ́ wáyà náà, ó fi mítà wò ó. Kò jẹ́ kí n lọ títí ó fi dá a lójú pé ó dúró.

Bàbá mi ló gun òrùlé. Ọparun ni a fi ṣe òpó. Ní Sátidé, nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú díẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, Màmá jókòó tì mí. Mo pe lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìjọba fún Bàbá gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn lórí rédíò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi láti pè, ṣùgbọ́n òun nìkan ni Bàbá Kékeré ń retí. Ohùn mi kò já gaara. Mo tú bọ́tìnì máìkì sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yìí kò dà bíi fóònù: ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnì kejì lè sọ tí yóò gbọ́, àfi tó bá tú u.

Ohùn kan wọlé. Ó jọ ti Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ẹ ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín. Sátidé mẹ́jọ ni mo fi pè yín."

Mo tẹ bọ́tìnì, mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ dúró." Asán ni. Wọn kò tíì tú tiwọn.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn," ni wọ́n ń wí. "Bí mo bá tú bọ́tìnì yìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni. Ó ti tán nínú mi, ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé kò síbi tí ẹ fẹ́ gbé wọn sí. Ẹ̀rù ló bà mí láti Sátidé mẹ́jọ yìí, mo wá rí i pé a ti dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ti sọ fún àwọn ọma mi, wọ́n á dúró dè yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ fún ará ulé kí wọ́n dúró dè mí. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó tán. Ẹ máa sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ariwo afẹ́fẹ́ padà kún yàrá. Màmá di èjìká mi mú. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì sọ fún wọn. Mo sọ ọjọ́ tí Bàbá kú àti ọjọ́ tí a sin wọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ àbúrò wọn ni Bàbá ń rò, pé Bàbá ní kí n wá so ántẹ́nà kí àwọn lè bá àbúrò àwọn sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò tètè dé. Mi ò fi àwáwí kankan kún un. Mo tú bọ́tìnì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ariwo afẹ́fẹ́ dá, mo mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì. Mo ń gbọ́ ìgbì òkun tiwọn lẹ́yìn wọn, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n tú u. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n béèrè bóyá a ti fi sìmẹ́ńtì bo ibojì náà.

Mo ní rárá, iyanrìn nìkan ló ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ má tíì bò ó," ni wọ́n wí. "Mò ń bọ̀."

Màmá gba máìkì lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé ilé, wọn kò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n wá bọ́tìnì, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, wọ́n sì gbé e sún mọ́ ẹnu.

"A ó dúró," ni Màmá wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, a ó dúró."